Ẹ bèèrè ojú ọ̀nà kí ẹ tó gbéra: Ohun tí òjò àti ọyẹ́ ń fi àpáta, odò àti títì gúúsù Èkìtì ṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ní gúúsù ìpínlẹ̀ Èkìtì, láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Ìsẹ̀ àti Emùré, kì í ṣe ibi tí ọ̀nà gbà nìkan ló yẹ kí èèyàn máa bèèrè. Ó tún yẹ kí ó bèèrè bí ọ̀nà náà ṣe rí lónìí. Ọ̀nà tí a gbà lánàá láìsí wàhálà lè di ẹrẹ̀ lónìí. Odò tí ọmọdé ń fẹsẹ̀ là kọjá ní oṣù Kejì lè gbé ọkọ̀ lọ ní oṣù Kẹsàn-án. Àpáta tí àwọn ọ̀dọ́ ń sáré gùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá nígbà òjò.

Ẹni tó bá ń gbé ìlú mọ èyí. Àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n, ọdẹ mọ̀ ọ́n, ọlọ́kadà tó ń gbé kòkó láti oko wá sí ìlú mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn tí kò mọ̀ ni àlejò tó wá wo àpáta, akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ọmọ ìlú tó ti pẹ́ ní Èkó tàbí l'ókè òkun tó wá ṣe ọdún, àti awakọ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn wọ̀nyí ni ẹsẹ̀ wọn sábà máa ń yọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó sọ fún wọn.

Ìdí nìyí tí a fi ní kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, láti orí àpáta dé etí odò, láti àkọ́rọ̀ òjò títí di ìgbà tí ọyẹ́ bá dé.

Àpáta kò yí padà, ara rẹ̀ ló ń yí padà

Ẹnikẹ́ni tó bá gba ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ sí Adó-Èkìtì kò lè ṣàì rí àwọn àpáta Ìkẹ́rẹ́. Bí ọkọ̀ ṣe ń sún mọ́ ìlú ni wọn yóò máa yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọn yóò sì wá dúró gbagidi lórí ilé àwọn èèyàn. Olósùnta àti Orólé ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Kò yani lẹ́nu tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé láti ara òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti jáde, nítorí ilẹ̀ olókè ni.

Olósùnta kì í ṣe àpáta lásán lójú àwọn ọmọ Ìkẹ́rẹ́. Ibi ìjọsìn ni, ọdọọdún sì ni wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀, tí Olúkẹ́rẹ́ máa ń ṣáájú. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí àlejò gbọ́dọ̀ ṣe kí ó tó gbé ẹsẹ̀ lé e ni kí ó tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn onílé. Yàtọ̀ sí ọ̀wọ̀ tó wà níbẹ̀, àwọn tí ẹ ń tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn náà ló mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Wọn yóò sọ fún yín bí ẹ bá bèèrè.

Kí ló dé tí àpáta kan náà fi ń rọrùn láti gùn lóṣù Kìíní, tó sì ń léwu lóṣù Keje? Òkúta gíráníìtì ni àwọn àpáta wọ̀nyí. Omi kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú rẹ̀. Bí òjò bá ti bọ́ sórí rẹ̀, ńṣe ni omi náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sísàlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ibi tí omi ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ́dọọdún kò sì sọnù. Ẹ wo ara àpáta náà láti òkèèrè, ẹ ó rí àwọn ìlà dúdú gbọọrọ tó ti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iná ló jó o tàbí pé bí òkúta náà ṣe rí nìyẹn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín kan tó jọ ọbẹ̀dò ẹ̀gbẹ́ kànga ló ń gbé níbẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn yóò gbẹ mọ́ òkúta, ibẹ̀ yóò sì máa gba ẹsẹ̀ dáadáa. Bí òjò bá ti kàn wọ́n, wọn yóò jí, wọn yóò wú, wọn yóò sì máa yọ̀. Kò ní jẹ́ òjò ńlá. Ìrì àárọ̀ tàbí òjò winniwinni tó to wọ́n rin ti tó. Èyí ló fà á tí ẹni tó gun àpáta nígbà tí ilẹ̀ gbẹ fi lè di ẹni tí kò mọ bí yóò ṣe sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ìkùukùu bá ṣú lé e lórí.

Ewu kejì wà tí kò hàn sójú. Oòrùn ń gbóná sí àpáta lójoojúmọ́, òru ń mú un tutù, òjò sì ń rọ̀ sórí rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìpele òkè rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí èèpo àlùbọ́sà. Àwọn pẹpẹ òkúta bẹ́ẹ̀ lè dà bíi pé wọ́n lẹ̀ mọ́ ara àpáta, kí ó sì jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló wà lábẹ́ wọn. Ẹni tó bá fi igi tàbí òkúta kékeré kàn án yóò gbọ́ ìyàtọ̀. Ibi tó le a máa dún ṣinṣin, ibi tó ti bó a máa dún gbogbo bí ìlù. Ibi tó bá dún bí ìlù, ẹ má ṣe dúró lórí rẹ̀, ẹ má sì ṣe fi ọwọ́ dì í mú.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé gígùn kọ́ ni ìṣòro, sísọ̀ ni. Nígbà tí èèyàn bá ń gòkè, ojú rẹ̀ wà lára òkúta, ọwọ́ rẹ̀ sì wà níwájú. Nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, orúnkún ń gbọ̀n, kò sì rí ibi tí ẹsẹ̀ fẹ́ tẹ̀. Ní Ìdànrè tó wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí wọ́n ti ṣe àtẹ̀gùn tó lé ní 600 fún àwọn tó ń gòkè, tí àwọn ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà, sísọ̀ náà ṣì ń gba sùúrù. Ká má wá sọ ibi tí kò bá sí àtẹ̀gùn.

Àkókò tó dára jù láti gun àpáta ní agbègbè yìí ni láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta. Bí ó bá wá di dandan nígbà òjò, àárọ̀ ni kí ẹ lọ, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti gbẹ ìrì kúrò lára òkúta, kí ẹ sì ti sọ̀kalẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ ni òjò àti ààrá sábà máa ń dé. Ẹni tó bá sì dúró ní ṣóńṣó òkè nígbà tí ààrá ń sán ti sọ ara rẹ̀ di igi gíga jù nínú igbó.

Ilẹ̀kùn kan tó ń sọ ìtàn ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà ṣe rí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, kí ó wo iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀, gbajúgbajà agbẹ́gilére tí ayé mọ̀ sí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ló gbé, lábẹ́ Arinjalẹ̀ ìlú náà, títí tó fi kú ní ọdún 1938.

Ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ṣiṣẹ́ fún Ọgọ́gà ti Ìkẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ àwọn òpó ààfin, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀kan lára àwọn òpó náà wà ní ilé ìkóhun-ọnà-sí ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà báyìí. Ilẹ̀kùn náà ni wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba òyìnbó ṣe ní Wembley, nílùú London, lọ́dún 1924. Lẹ́yìn èyí, wọ́n fi àga ọba kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ fún Ọgọ́gà, ilẹ̀kùn sì di ti British Museum títí di òní.

Ohun tó kàn wá lórí ilẹ̀kùn yìí ni àwòrán tó wà lára rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ bí Captain Ambrose, aṣojú ìjọba òyìnbó, ṣe wá kí Ọgọ́gà. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ni òyìnbó náà fi rìn wọ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọkọ̀. Àwọn èèyàn ló gbé e, àwọn mìíràn sì ru ẹrù rẹ̀ lé orí. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ló wà nígbà náà, orí àti èjìká èèyàn ni ọkọ̀. Ọlọ́wẹ̀ náà tó ń ti Ìsẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́ gba irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá, láìsí títì ọ̀dà tàbí afárá oníkọ́ńkéré.

Láyé ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń gbéra láìbèèrè. Ẹni tó ń bọ̀ láti oko yóò sọ fún ẹni tó ń lọ bóyá odò ti kún tàbí igi ti wó dí ọ̀nà. Ìkíni ojú ọ̀nà kì í ṣe ẹ kú ìrìn lásán, ìròyìn ló wà nínú rẹ̀. Títì ọ̀dà ti wá jẹ́ kí a gbàgbé. A wọ ọkọ̀, a ti gíláàsì, a tan rédíò, a sì rò pé ojú ọ̀nà kò yí padà mọ́.

Igi gígùn lọ́wọ́ ọlọ́kadà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, lóṣù Kẹsàn-án, òǹkọ̀wé yìí gun ọ̀kadà lọ sí abúlé oko kan ní ìhà Ìsẹ̀. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí a dé ibi tí odò kékeré kan ti gba ojú ọ̀nà kọjá, omi ti bo ihò tí wọ́n ṣe fún un lábẹ́ ọ̀nà, kò sì sí ohun tí a rí ju omi pupa tó ń ṣàn lọ gbuurugbu. Ìwọ̀n tí omi náà fẹ̀ kò ju ilé oníyàrá méjì lọ. Lójú mi, a lè sáré là á kọjá.

Ọlọ́kadà náà pa ẹ̀rọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ sọ̀kalẹ̀ ná." Ó wọ inú igbó, ó gé igi gígùn kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gún ilẹ̀ abẹ́ omi náà díẹ̀díẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò tíì rìn ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ tí igi náà fi rì wọlé títí dé ọwọ́ rẹ̀. Àgbàrá ti gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ láti òru, kòtò tó lè gbé èèyàn àti ọ̀kadà mì ló wà níbẹ̀, omi sì bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni fi aṣọ bo ọ̀fìn. Ó padà, ó jókòó ti ọ̀kadà rẹ̀. A dúró fún bíi wákàtí méjì kí omi tó fà. Nígbà tó fà tán, a rí i pé ìdajì ọ̀nà péré ló kù.

Kò sí ẹni tó kọ ọ̀dọ́kùnrin yẹn ní ilé ẹ̀kọ́ kankan pé ẹsẹ̀ méjèèjì kọ́ ni a fi ń wọn odò. Ohun tí ojú rẹ̀ ti rí ló kọ́ ọ.

Irú odò kékeré bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní gúúsù Èkìtì. Odò Ògbẹ̀sẹ̀ tó gba ilẹ̀ Ìsẹ̀ kọjá lọ sí ìpínlẹ̀ Oǹdó ló tóbi jù lójú ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n èèyàn máa ń bẹ̀rù odò ńlá. Ìṣàn kékeré tí kò lórúkọ ni wọn kì í bẹ̀rù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi inú rẹ̀ kò tó fọ aṣọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ yìí, àpáta kì í sì í mu omi. Bí òjò ńlá bá rọ̀ sórí òkè fún wákàtí kan, gbogbo rẹ̀ ló ń sáré wá sí àfonífojì. Omi lè kún níbi tí òjò kò tilẹ̀ kán sí. Ẹni tó dúró sétí odò náà yóò máa wo ojú ọ̀run tó mọ́ kedere, kò ní mọ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orí àpáta ti ń bọ̀.

Ínṣì mẹ́fà kì í ṣe omi kékeré

Ohun tí ọlọ́kadà yẹn fi igi ṣe ni àwọn èèyàn ilẹ̀ olótùútù ń fi irin ṣe. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Kánádà àti àríwá Amẹ́ríkà lè jẹ́rìí sí i. Nígbà òtútù, adágún odò a máa dì di yìnyín, àwọn èèyàn a sì máa rìn lórí rẹ̀. Àwọn kan ń so pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn mọ́ bàtà, wọ́n ń fi yọ̀ lọ. Àwọn mìíràn ń gun ẹ̀rọ kan tó dà bí alùpùpù tí kò ní táyà, tó ń sáré lórí yìnyín. Eré ìdárayá ni, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni yìnyín ń já, tí omi tútù sì ń gbé èèyàn mì.

Nítorí náà, wọn kì í fi ojú wò ó lásán. Wọ́n ń lu ihò sínú yìnyín náà, wọ́n ń wọn bó ṣe nípọn tó. Ìlànà tí àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà fi léde ni pé bí yìnyín tuntun tó mọ́ kedere kò bá tó ínṣì 4, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ẹsẹ̀ lé e. Ínṣì 4 lè gba ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹni tó bá fẹ́ gun ẹ̀rọ orí yìnyín gbọ́dọ̀ rí ínṣì 5 sí 7. Yìnyín funfun tí kò mọ́ kedere kò ní ju ìdajì agbára yẹn lọ. Ibi tí omi bá sì ti ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé rárá. Lọ́pọ̀ ibi, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe eré yìí fúnra wọn ló ń tọ́jú ọ̀nà, tí wọ́n ń kéde èyí tó ṣí àti èyí tí wọ́n tì.

Yìnyín kò sí ní Emùré, àwa náà kò sì gbàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n ínṣì wà fún tiwa náà. Àwọn onímọ̀ nípa ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà ti ṣàlàyé pé omi tó ń ṣàn kíkankíkan, tí kò ju ínṣì 6 lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Ínṣì 12 lè gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré lọ. Bí ó bá tó ínṣì 24, díẹ̀ ni ọkọ̀ tó lè dúró. Ẹ fi ọwọ́ wọn ẹsẹ̀ yín. Ínṣì 6 kò ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ púpọ̀. Omi tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa ń pè ní "omi kékeré" nìyẹn.

Ìyà tí omi fi jẹ orílẹ̀-èdè yìí lọ́dún 2022 kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Èèyàn tó lé ní 600 ló kú nínú omíyalé ọdún náà káàkiri Nàìjíríà. Èkìtì kọ́ ni ìyà náà pọ̀ sí jù, ṣùgbọ́n omi kò mọ ààlà ìpínlẹ̀.

Ẹrẹ̀, ọkọ̀ agégẹdú àti ẹrù kòkó

Yàtọ̀ sí omi, ẹrẹ̀ ni ìṣòro àwọn ọ̀nà oko. Ìhà Ìsẹ̀ ní igbó ọba ńlá kan tí ìnàkí ṣì wà nínú rẹ̀ títí di ìsinsìnyí, ohun tó ti ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá. Ibi tí igbó bá ti wà, agégẹdú kò ní jìnnà. Ọkọ̀ ńlá tó gbé igi gẹdú bá gba ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, táyà rẹ̀ yóò la ojú ọ̀nà sí méjì. Bí ó bá gbẹ, ipa táyà náà yóò le bí bíríkì. Bí òjò bá tún rọ̀, yóò di adágún. Ọ̀kadà tó bá wọ inú rẹ̀ kò ní rí ibi yà sí.

Àgbẹ̀ ló ń ru ẹ̀bi rẹ̀. Ìgbà tí òjò ń parí lọ, láti oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kejìlá, ni kòkó ń pọ̀, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọ̀nà ti bàjẹ́ jù. Owó ọkọ̀ yóò gbé pẹ́ẹ́lí, oníṣòwò kòkó yóò sì yọ owó náà nínú iye tó fẹ́ san fún àgbẹ̀. Aláboyún tó ń rọbí kò ní lè dúró de ìgbà tí ilẹ̀ yóò gbẹ. Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ nìkan, ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ẹ̀mí ni.

Bí ọyẹ́ bá dé ńkọ́?

Ẹni tó bá rò pé ẹ̀ẹ̀rùn kò ní ewu tirẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ọyẹ́ a máa gbé eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà wá. Ní òwúrọ̀, àwọn àpáta Ìkẹ́rẹ́ tó ga tó bẹ́ẹ̀ lè pòórá pátápátá nínú kùrukùru, kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú má hàn àfi ìgbà tó bá dé tòsí. Àsìkò yìí náà ni àwọn ọmọ ìlú ń rọ́ wá sílé fún Kérésì àti ọdún tuntun. Eré àsápajúdé àti ọyẹ́ kì í bára wọn gbé. Ẹ tan iná ọkọ̀, ẹ rọra, ẹ má sì ṣe yà ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀ níbi tí ẹ kò ti rí iwájú.

Lórí àpáta, òkúta gbẹ, ṣùgbọ́n koríko tó wà ní ìdí rẹ̀ náà gbẹ. Iná ọdẹ tàbí sìgá kan ṣoṣo lè sọ ọ̀nà tí ẹ gbà gòkè di iná kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀. Oyin sì ń gbé nínú pàlàpálá àpáta. Ẹni tó bá ń pariwo tàbí tó ń ju òkúta síbẹ̀ ń wá ohun tí kò ní lè sá fún lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ọ̀nà tó bàjẹ́ ni olè ń ṣọ́

A kò lè sọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà agbègbè yìí láìmẹ́nu ba ààbò. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kìíní, ọdún 2024, àwọn agbébọn dá ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kan dúró ní agbègbè Emùré, wọ́n sì kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, àwọn olùkọ́ wọn àti awakọ̀ lọ. Gbogbo Nàìjíríà ló gbọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì, àwọn ọmọ náà àti àwọn olùkọ́ gba òmìnira, ṣùgbọ́n awakọ̀ wọn kò padà wálé láàyè.

Kì í ṣe ọ̀nà tó bàjẹ́ nìkan ló ń fa irú èyí. Ṣùgbọ́n awakọ̀ gbogbo mọ̀ pé ibi tí ọkọ̀ bá ti ń rìn bí ìgbín nítorí kòtò, tí igbó sì dí lọ́tùn-ún lósì, ni ẹni ibi ń lúgọ sí. Ẹni tó bá tún ọ̀nà ṣe, tó sì gé igbó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ti ṣe ìdajì iṣẹ́ ààbò. Ìdí nìyí tí bíbèèrè ojú ọ̀nà fi gbọ́dọ̀ kan ti ààbò pẹ̀lú: ta ló gba ibẹ̀ kọjá lónìí, aago mélòó ni, ṣé àwọn ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀?

Ta ni yóò máa sọ fún wa?

Ìmọ̀ kò wọ́n wa. Lọ́dọọdún, ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, NiMet, máa ń sọ ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò parí. Ilé iṣẹ́ NIHSA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ odò náà máa ń kéde àwọn ibi tí omi lè yalé. Ṣùgbọ́n ìròyìn láti Àbújá kò lè sọ fún ọlọ́kadà pé ihò omi kan lábẹ́ ọ̀nà oko ti ya lóru àná. Ẹni tó ti ibẹ̀ bọ̀ láàárọ̀ ló mọ̀.

Ohun tó kù ni kí a so ìmọ̀ méjèèjì pọ̀, kò sì ní owó ńlá nínú. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀/Ọ̀rún àti Emùré lè ri òpó sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ibi tí omi ń gba ojú ọ̀nà kọjá, kí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún títí dé ínṣì 6, kí wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kun òkè rẹ̀. Ẹni tí kò kàwé pàápàá yóò mọ̀ pé bí omi bá ti kan pupa, kí òun dúró. Ẹgbẹ́ ọlọ́kadà àti ẹgbẹ́ awakọ̀ lè máa pe ilé iṣẹ́ rédíò láràárọ̀ nígbà òjò láti sọ ọ̀nà tó dára àti èyí tí kò dára, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbọ́ ìròyìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Èkó. Ní ìdí àpáta, ó tó kí pátákó kan wà tí yóò máa sọ bóyá òkúta tutù tàbí ó gbẹ, àti orúkọ ẹni tí àlejò yóò rí kí ó tó gòkè. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ ọ̀nà lè máa mú àlejò gòkè, kí iṣẹ́ òòjọ́ sì ti ibẹ̀ jáde.

Ẹni tó máa ń ké nínú ìlú láyé àtijọ́ kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ Àbújá. Agogo ló ń lù, ìlú sì ń gbọ́.

Kí a tó gbéra

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti wá sí ìhà yìí, yálà fún ìgbafẹ́, fún ọdún tàbí fún òwò, ẹ fi ìbéèrè márùn-ún yìí sápò. Ìgbà wo ni òjò rọ̀ gbẹ̀yìn ní òkè, kì í ṣe ibi tí ẹ wà nìkan? Ta ló gba ọ̀nà náà kọjá lónìí? Ibo ni omi ń gbà kọjá lójú ọ̀nà, ṣé ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì hàn? Bí ó bá jẹ́ àpáta, ṣé ó ti gbẹ, ta ló sì fún yín láyè? Ṣé ẹ ó ti padà kí ilẹ̀ tó ṣú?

Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn sí ọ̀kan nínú wọn, ẹ dúró. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, yóò wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, yóò wo ẹ̀yìn. Èyí tó sàn jù ni kí a wo iwájú àti ẹ̀yìn nígbà tí a kò tíì ṣubú. Wákàtí méjì tí a fi jókòó sétí odò lọ́jọ́ náà ní ìhà Ìsẹ̀ gùn lójú mi púpọ̀, ìkanra sì mú mi. Ṣùgbọ́n ilé ni mo sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ilé ni ọlọ́kadà náà sùn.